Àsíá Kẹta

Òkun ò bínú. Monowara ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.
Ẹni tó bá ní ó ń bínú á máa wá bí yóò ṣe bẹ̀ ẹ́,
dípò kó wá ibi tí yóò gùn.
Omi ló gbóná,
ooru rẹ̀ ń ròkè bí ti ìkòkò tí a gbàgbé sórí iná,
afẹ́fẹ́ ìtòsí ń sáré wá dí àyè tó ṣófo,
ayé tó ń yí kò sì jẹ́ kó sáré gbọọrọ; ó ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́,
títí yóò fi pòòyì,
tí òòyì yóò fi la ojú kan ṣoṣo sáàárín.

Òun fúnra rẹ̀ ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà.
Rédíò ló kọ́ ọ, àti ọdún méjìlélógún
tó fi ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yí erékùṣù Nolbuni ká,
ilẹ̀ tí odò kó ẹrẹ̀ jọ fi ṣe,
tó lè gbà padà nígbà tó bá wù ú.

Ó fi àjẹ̀ ya Òkun Bẹ̀ngáàlì sínú ẹrẹ̀:
ó fẹ̀ lẹ́nu, ó tín-ín-rín nídìí, bí àrọ tí a fi ń rọ epo.
"Ìdí yẹn la kọ́lé sí. Omi ibẹ̀ ò jìn.
Èyí tí ìjì bá tì wọlé ò ríbi sọ̀ kalẹ̀ sí, òkè ló máa gbà.
Afẹ́fẹ́ á ṣí òrùlé. Omi ló ń pààyàn."

Àsíá kan: ẹ tẹ́tí.
Méjì: ẹ di ẹrù.
Mẹ́ta: ẹ má wẹ̀yìn.

Èmi wẹ̀yìn, lọ́dún tí mò ń wí yìí.
Okùn màlúù mi ni mo dì mú.
Sokhina ní, "Tú u sílẹ̀, ká lọ."
Mo ní, "Ta ni yóò ra òmíràn fún wa?"
Omi ò dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí igi àgbọn ni mo wà,
okùn ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Kò sí nǹkan kan lópin rẹ̀.
Kò sí ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Monowara wá pẹ̀lú ìwé àti gègé.
Kò bá mi sunkún; ó ti sun tirẹ̀ tán.
Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fi lọ?"
Ojú tì mí. Mo ní, "Màlúù."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: màlúù.
Ó lọ sí ilé tó kàn, bí ó bá ṣì jẹ́ ilé.
Ìyá Rahela ní ilé ìsádi ò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin. Ó kọ ọ́.
Tofail arúgbó ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun mọ́. Ó kọ ọ́.
Ẹnì kan ní òun ò gbà pé omi lè ga tó bẹ́ẹ̀.
Ó pẹ́ lórí ìyẹn kó tó kọ ọ́.

Ìwé yẹn ló di òkìtì amọ̀ ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsádi, fún ẹran ọ̀sìn,
tó di ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo,
tó di àga onígi tí ọmọkùnrin mẹ́rin ń gbé.

Lóṣù Kartik tó kọjá, àsíá kẹta gòkè lọ́sàn-án gangan,
ojú ọ̀run ṣì mọ́ kedere.
A fi ọ̀rá wé ẹnu kànga ẹ̀rọ kí omi iyọ̀ má wọ̀ ọ́,
a bo ìrẹsì mọ́lẹ̀ nínú garawa, a so ìwé ilẹ̀ mọ́kùn.
Tofail ń bú àwọn tó gbé e, pé wọ́n ń kù ú bí ìyẹ̀fun.
Màlúù mi tuntun gun òkìtì, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ìjì náà yà lóru.
Ìwọ̀-oòrùn ló gbà lọ, sí etíkun àwọn ẹlòmíràn.
Òwúrọ̀ wa gbẹ.
Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín: "Monowara, àsíá rẹ purọ́!"
Kò dá wọn lóhùn. Ó fi etí lé rédíò,
ó ń fi ìka ka orúkọ abúlé tí wọ́n ń pè.
Nígbà tí ìka tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àsíá kúrò lára òpó.
Ó ní, "Okùn yìí ti ń já. Kò ní gbé ìjì tó ń bọ̀."

Mo ní mo ní okùn kan nílé, tó lágbára,
tí n kò tíì so mọ́ nǹkan kan láti ọdún yẹn.